Igi Ìwọ́ Linval Wó Lu Ilé Àǹtí Icilda

Mount Patience,
Ọjọ́ Ajé.

Linval ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí iṣẹ́, mo kí yàrá tí o háyà ní Kingston, mo sì kí obìnrin tó ń bá ọ se oúnjẹ níbẹ̀ bí ó bá wà, nítorí o kò sọ ọ́ fún mi rí bóyá ó wà tàbí kò sí. Ọlọ́run tó mú mi la ìjì yìí já, Òun náà ni yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, mọ́tò kò ní gbá ọ, ọ̀gá rẹ kò ní rí ẹ̀sùn kà sí ọ lẹ́sẹ̀, oúnjẹ ìgboro kò ní dà ọ́ nínú rú. Àmín. Bí o bá ń bèèrè tèmi, mo wà láàyè, eegun mi kò ṣẹ́, orí mi sì pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ládùúgbò ti ń ṣiyèméjì nípa ti orí yẹn láti ọjọ́ mélòó kan. Màá ṣàlàyé.

Ìjì náà ṣí páànù yàrá tí o máa ń sùn nígbà tí o wà ní kékeré, ṣùgbọ́n ó fi yàrá tèmi àti ilé ìdáná sílẹ̀. Ewúrẹ́ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi wà lórí rẹ̀, àwa méjèèjì la sì jọ ń ké pe Olúwa. Igi iṣin wa ti lọ. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bàbá Ferdie tó ń la pákó ti tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ní òrùlé lápá kan, ibẹ̀ ni àwọn tí kò nílé mọ́ ń sùn. Ìkòkò kan náà la fi ń se oúnjẹ gbogbo àdúgbò báyìí, ẹni tó ní iṣu á mú iṣu wá, ẹni tó ní ẹja oníyọ̀ á mú ẹja wá, ẹni tí kò ní nǹkan kan á fọ abọ́. Àwọn tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìbò tó kọjá ti ń na abọ́ síra wọn, wọn ò tíì kíra wọn o, ṣùgbọ́n wọ́n ń na abọ́.

Má rò pé mo kọ̀ láti gbé fóònù tí o rà fún mi. Òpó nẹ́tíwọ̀kì tó wà lórí òkè ti dojú bolẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí o bá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ ìjì náà, ó dá mi lójú pé atẹ́gùn ti gbé e lọ sí Cuba, torí apá ibẹ̀ ló ń fẹ́ sí, nítorí náà bí o bá sọ ọ̀rọ̀ àṣírí kankan, kí o mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Omi tún wọ inú fóònù náà. Tíṣà ní kí n rì í sínú ìrẹsì, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀, láràárọ̀ ni mo ń yẹ ìrẹsì náà wò, kò dín. Bóyá ìrẹsì gbígbẹ ni kò fẹ́. Báńkì ìlú náà kò ní òrùlé mọ́, mo bi ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bóyá owó wa tutù, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, owó mi wà nínú kọ̀ǹpútà. Ìyẹn ló wá bà mí lẹ́rù jù, torí mo rí kọ̀ǹpútà yẹn nínú ẹrẹ̀ níta pẹ̀lú ojú ara mi. Mo ní kí wọ́n kó owó náà jáde kí wọ́n sá a sóòrùn bí ẹni ń sá kòkó. Ó ní òun á bá mi sọ fún mánéjà.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Igi máńgòrò rẹ wó, orí ilé Àǹtí Icilda ní ẹ̀gbẹ́ wa ló sì wó lé.

Kò sẹ́nì kankan nínú ilé, a dúpẹ́. Ara igi náà gun àárín òrùlé, ẹ̀ka àti ewé rẹ̀ sì bo gbogbo ilé mọ́lẹ̀, bí o bá dúró lójú títì o kò ní mọ̀ pé ilé wà níbẹ̀. Àǹtí Icilda rẹ ń sùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ kejì ni Bàbá Ferdie gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀ dé, pé òun fẹ́ gé e kúrò. Mo lọ dúró síwájú rẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó máa gé e.

O mọ ìdí rẹ̀. Abẹ́ igi yẹn ni bàbá rẹ bo ìwọ́ rẹ mọ́ kó tó gbin èso máńgòrò lé e lórí, igi tìrẹ ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gbé irin sí igi ìwọ́ ẹlòmíràn àfi bí ẹni náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n gé e. Nígbà tí igi ìwọ́ ọmọ Bàbá Ferdie fúnra rẹ̀ ń dí wáyà iná lọ́wọ́, tí ọmọ wà ní Kánádà, ṣebí inú òkùnkùn la jókòó sí títí ọmọ fi fèsì. Mo rán an létí. Ó ní, Ìyá Linval, ìgbà yẹn igi dúró, èyí ti wó, kí lo wá ń ṣọ́? Mo ní gbòǹgbò rẹ̀ lápá kan ṣì wà nílẹ̀, ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ó wo ọ̀run, ó wo ayùn rẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó dúró bóyá nǹkan kan bà mí lórí lọ́jọ́ ìjì.

Ẹni tó wá gbèjà mi ni Àǹtí Icilda. Ó jáde láti inú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, ó ní, Bàbá Ferdie, gbé ayùn rẹ lọ sílé. Ó ní òun lòun gbẹ̀bí ọmọ yẹn, òun lòun gé ìwọ́ náà tí òun fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì ní jẹ́ nítorí páànù òun ni wọ́n á ṣe pa igi ọmọ lẹ́yìn ọmọ. Ojú tì mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó sọ ọ́, torí ó wúlò fún mi.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ará ìjọba dé pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fò, tó ń ya àwòrán ilé láti òkè. Wọ́n ní àwòrán náà á dé iwájú àwọn ọ̀gá ní Kingston, nítorí náà mo gbá àgbàlá mi, mo sì yí gèlè padà. Nígbà tí ẹ̀rọ náà kọjá lórí Bàbá Ferdie, ó ṣí fìlà, ó kí i. Obìnrin tó darí wọn fi síléètì kan tó ń tàn hàn wá. Ilé wa wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí ilé Àǹtí Icilda yẹ kó wà, ewé la rí. Obìnrin náà ní kò sí ilé níbẹ̀. Àǹtí Icilda ní ilé òun nìyẹn, ibẹ̀ lòun ń gbé. Obìnrin náà fohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé, mo rí yín o, màmá, ṣùgbọ́n àwòrán kò rí yín, àwòrán sì ni wọ́n fi ń pín páànù. Mo ní kí wọ́n sọ fún ẹ̀rọ wọn kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó yọjú wo abẹ́ ewé. Ó ní kì í bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi rán an pé kó wá wo ilé aláìnílé? Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ Icilda sílẹ̀. Ó ní àwọn á padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, ìyẹn ló sì kẹ́yìn kí wọ́n tó lọ sí agbègbè mìíràn.

Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́, ní kété tí o bá gba ìwé yìí, sọ ọ́ lẹ́nu pé kí wọ́n gé e, kí o kọ ọ́ sínú ìwé, kí o fi rán awakọ̀ tó ń gbé omi wá. Linval, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí. O kò wá ní Kérésì, o kò wá ní Àjíǹde. Mo máa ń wo igi yẹn lójoojúmọ́, mo sì máa ń sọ fún ara mi pé nǹkan kan ṣì so ọ́ mọ́ ibí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Awakọ̀ omi kò wá. Òkè ya lu ọ̀nà, ìwé tí mo kọ sí ọ ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Bébà ṣọ̀wọ́n, n kò ní fa èyí tí mo ti kọ ya, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Lọ́jọ́bọ̀ òjò rọ̀ láti àárọ̀. Mo gbé tíì gbígbóná lọ fún Àǹtí Icilda. Apá ibi tí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ti lọ ni bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà, torí ó ti fi ibi gbígbẹ sílẹ̀ fún aláboyún kan. Orí àga ló jókòó sí, ó ṣí agboòrùn sórí nínú ilé Ọlọ́run, ó ń wúkọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò bínú sí mi. Ó ní, Zelpha, ta ni mo fẹ́ bínú sí? Gbogbo Mount Patience ló mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ kí ọmọ má lọ ráúráú. Mo ní ta ló sọ fún wọn. Ó ní ewúrẹ́ mi gan-an mọ̀ ọ́n.

Ó wá ní kí n wo ìta láti ojú fèrèsé. Àgbàlá rẹ̀ ló nawọ́ sí, níbi tí igi ìwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà, àwọn tó wà ní England. O mọ àwọn igi náà, àgbọn gíga méjì. Ìjì kò já imọ̀ kan lára wọn. Ó ní, wò wọ́n bí wọ́n ṣe dúró dáadáa. Ó ní, láti ìgbà tí ìròyìn ìjì ti dé etí gbogbo ayé, ta lo rí nínú wọn? Kò sunkún. Ó mu tíì rẹ̀, ó ní ṣúgà kéré.

Èmi ni mo sunkún, lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo délé, mo mú àdá bàbá rẹ, mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo ní, Icilda, ọwọ́ rẹ ló gé e lákọ̀ọ́kọ́, ìwọ ni kí o gé e báyìí. Ó ní ọmọ kò tíì sọ̀rọ̀. Mo ní èmi tí mo lóyún rẹ̀ ni mo sọ ọ́, bó bá bínú, kó wá bá mi jà, inú mi á dùn bó bá wá. Ó pa agboòrùn rẹ̀ dé, ó dìde. Nínú òjò yẹn ló ṣá ẹ̀ka àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà Bàbá Ferdie tan ayùn rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì jáde wá ń wọ́ ẹ̀ka, àwọn tí kò kíra wọn láti ìgbà ìbò di ẹ̀ka kan náà mú lórí àti ní ìdí. Níṣojú mi, ọ̀kan ní kí èkejì rọra. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé ti yọ. Òrùlé ti wó, ògiri kan ti dagun, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀bù rẹ̀ aláwọ̀ búlúù ṣì wà lórí ìṣó níbi tó fi í kọ́ sí.

Lánàá ẹ̀rọ náà fò kọjá. Obìnrin yẹn fi síléètì hàn wá, ilé Àǹtí Icilda sì wà níbẹ̀, kékeré bíi páálí ìṣáná, láìní òrùlé. Icilda rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Páànù kò tíì dé, ìjọba ni, ṣùgbọ́n orúkọ wà níbẹ̀. Bàbá Ferdie ti ń la igi rẹ sí pákó fún òrùlé náà, ó ní kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa bí kò ṣe epo tí ayùn máa mu.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, bí agbára rẹ bá ká a, fi owó epo náà ránṣẹ́, àti ti ìṣó, àti díẹ̀ fún oògùn ikọ́ Àǹtí Icilda, bí nǹkan bá sì ṣẹ́ kù kí o fi ra bàtà òjò fún mi, èyí tí mo ní ti di ti ìjì. Bí kò bá sí, má yáwó nítorí wa. Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà fún ọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní jó ọ lọ́wọ́, ibi tí o bá sùn sí á rọ̀ ọ́ lọ́rùn, àwọn aládùúgbò tí yóò di ẹrù rẹ mú lórí àti ní ìdí kò ní wọ́n ọ ní Kingston. Àmín, àmín. Àǹtí Icilda ní òun náà ṣe àmín.

Ohun kan kù tí n kò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí igi yẹn ti dàgbà ló ti dí iwájú ilé ìdáná mi. Nísinsìnyí tó ti kúrò, mo lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí n rí títì lọ tààrà, títí dé ìyànà ibi tí ọkọ̀ tó ń ti Kingston bọ̀ ti máa ń yọ. N kò mọ̀ rí pé èèyàn lè rí ibẹ̀ láti ibí. Mo ti gbé àpótí ìjókòó mi síbẹ̀. Ẹ̀wà ni mo ń ṣà níbẹ̀ lónìí, mo ti ṣà á tán tipẹ́, n kò tíì dìde.

Èmi ni ìyá rẹ,
Zelpha.