Sàréè Bàbá Wà Lọ́nà Omi

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù kẹfà, 1988

Mulika, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe.

Àwọn ará ìjọba wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé wa lónìí. Wọ́n ní gọ́tà ńlá máa gba ibẹ̀, kí omi òjò lè rọ́nà lọ sí ọ̀sà. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ò ní àwọ̀ míì ni? Pupa ò bá ògiri mi mu." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Èmi ò lè rín in dénú. Abẹ́ sìmẹ́ńtì yàrá ẹ̀yìn la sin ọkọ mi sí, bàbá àgbà rẹ.

Àwa náà la sì dí omi. Odò kékeré ló wà níbẹ̀ nígbà tá a ra ilẹ̀. Èmi àti Bàbá la ru lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì, tá a dà á sí i títí ó fi di ilẹ̀. A tiẹ̀ ń kọrin.

Láàárọ̀ àná, omi wọlé gbé bẹ́ẹ̀dì Ìyá Rìsí, aládùúgbò wa. Ọmọ ọwọ́ wà lórí ẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Mo bá sọ fún ọ̀gá àwọn ará ìjọba náà pé kí wọ́n wó ilé wa.

"Màmá, sàréè ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí Lèmọ́mù kọ́kọ́ wá ṣàdúà."

Látìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń bẹ Bàbá. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láyé wọn, wọn ò tíì dá mi lóhùn.