Bí Mo Ṣe Ya Ojú Ara Mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta
Àbígbẹ̀yìn mi fi mí sí kíláàsì àwòrán. Ó ní kí n wá nǹkan fọwọ́ ṣe, kí n gbé ṣọ́ọ̀bù fún ẹ̀gbọ́n òun. Mo gbọ́. Èmi tí mo fi ìwé kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jó irin di ọ̀gá — àdúgbò wo ló wà nílùú yìí tí géètì mi ò sí? Ojú lásán ni mo fi ń wọn ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá ti wò ó, ó parí.
Olùkọ́ náà kéré sí àbígbẹ̀yìn mi. Ìyáàfin Pẹ́ńsùlù ni mo sọ ọ́ — nínú ìwé yìí nìkan. Iṣẹ́ wa: kí kálukú ya ojú ara rẹ̀ látinú dígí, láìkun ọ̀dà kankan. Bátànì nìkan, ìlà lórí ìlà. Ibi tó ṣókùnkùn, kí bátànì dí. Ibi tó mọ́lẹ̀, kí ó fẹ̀.
Iṣẹ́ géètì náà nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo parí ṣáájú gbogbo wọn. Irin tó sún mọ́ra sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, èyí tó jìnnà síra sí iwájú orí, òdòdó orí géètì olówó sí irùngbọ̀n. Ọ̀tún bá òsì mu rẹ́gí. Ìyáàfin Pẹ́ńsùlù wò ó títí. Ó ní, "Bàbá, ó dáa o. Àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni fèrèsé wà, òsì yín ṣókùnkùn." Mo ní géètì tí apá méjèèjì ò bá dọ́gba, ta ni yóò rà á? Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ò kúkú ta ojú yín, sà. Ẹ pa òsì rẹ́."
Mo pa á rẹ́. Ó dùn mí.

Àbámẹ́ta, 8
Ọ̀gá Kékeré — ọmọ mi àgbà, tí a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù — ní géètì ilé dókítà kan ò pàdé láàárín. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Mo ní bíríkìlà ló kọ́ ògiri wọ́. Ó ní, "Ògiri mélòó ló máa wọ́, Bàbá? Ẹ jẹ́ kí n máa wọ̀n ọ́n." Mo ní ó di ọjọ́ tí mo bá kú. Ìyá rẹ̀ ní ká jẹun.
Ẹtì tó ń bọ̀, géètì ilé-ìwé ńlá. Èmi ni n ó wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Òsì ò gbọ́ràn. Mo dí i títí, ó ṣì jọ ọ̀tún.

Ọjọ́bọ̀, 13
Ìyáàfin Pẹ́ńsùlù fi ọgbọ́n kan hàn wá: ká di ojú kan, ká pa ìkejì dé díẹ̀, ibi tó ṣókùnkùn á yọ fúnra rẹ̀.
Mo di ojú òsì. Mo rí ara mi. Àgbà tó dáa.
Mo di ojú ọ̀tún. Etí mi wà nínú dígí. Fìlà mi wà. Láàárín — kò sí nǹkan kan. Èéfín.
Mo nu dígí. Mo tún nù ún. Aránṣọ tó jókòó tì mí ní, "Bàbá, ó ti mọ́ o, àbí ẹ fẹ́ bó o láwọ ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín.
Mo ya ohun tí mo rí. Irin dídí, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ìyáàfin Pẹ́ńsùlù gbé e kọ́ ògiri. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tó láyà tó bẹ́ẹ̀, tó lè fi òkùnkùn sáàárín ojú ara rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, tíṣà."

Ẹtì, 14
Ilé-ìwé náà. Ẹnu ọ̀nà fẹ̀. Àwọn bíríkìlà dúró, wọ́n ń retí kí Bàbá wò ó, kó sọ iye.
Mo di ojú ọ̀tún. Àárín ẹnu ọ̀nà náà di èéfín.
Mo bi Ọ̀gá Kékeré pé téèpù rẹ̀ dà. Ó wò mí bí ẹni pé mo sọ èdè mìíràn. Ó yọ ọ́ lápò, ó ní, "Ẹ máa kà á, Bàbá, kí n di ẹnu ẹ̀ mú fún yín."
Mo ní rárá. Kó máa kà á. Èmi di ẹnu rẹ̀ mú.