Akàn Tí Kò Jinná

Ìlárè,
Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Mojíre,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá yín láyọ̀ àti àlàáfíà ní Òkè-Ogbó. Ẹ má retí ẹ̀rín nínú rẹ̀ o, inú ń bí mi.

Ara Ọ̀rẹ́olúwa ti ń yá. Ọmọ àbúrò yín náà ni, tó ń gbé lọ́dọ̀ yín nítorí ilé ẹ̀kọ́, tí ẹ lé jáde nínú òjò torí ó ń wúkọ́, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí irin tó dípẹtà. Ẹ pè mí lórí fóònù, ẹ ní, "Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Wá gbé ikọ́ fée rẹ lọ!" Háà, Àǹtí! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun.

A lo oògùn ikọ́ fée títí, pàbó ló já sí. Ọmọ ń jẹun, kò rù, síbẹ̀ ó ń wúkọ́, àyà ń dùn ún. Ìgbà náà ni dókítà mìíràn bi í léèrè ohun tó máa ń jẹ lóko. Ó ní akàn.

Ẹ mọ bí Bàbá yín ṣe ń ṣe é fún àwọn ọmọ lóko nígbà họ́lídè. Wọ́n á ju akàn odò sínú eérú gbígbóná, bí èèpo rẹ̀ bá ti pọ́n báyìí, ó tán. Wọ́n ní bó bá jinná jù, omi adùn inú rẹ̀ á gbẹ. Omi yẹn làwọn ọmọ ń fà mu, ibẹ̀ ni aràn wà, tó ń rìn láti inú ikùn lọ gbé inú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, ẹyin aràn ni wọ́n bá níbẹ̀. Oògùn aràn ni wọ́n fún un tí ara rẹ̀ fi ń yá. Àrùn yìí kì í ran ọmọ kan láti ara èkejì rárá. Lásán lẹ lé ọmọ mi.

Ọkọ mi ní Akínkúnlé ọmọ yín náà ti ń wúkọ́, pé yàrá lẹ há a mọ́ kí aládùúgbò má baà gbọ́. Ó ṣe mí bíi kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìdí iná kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí. Ẹ gbé e lọ sọ́sípítù, kí ẹ sì dárúkọ akàn fún dókítà. Bí ẹ bá tijú, ikọ́ fée ni wọ́n á pè é.

Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ wa sí. A ò ní fọwọ́ ara wa ṣe wọ́n léṣe.

Èmi ni ìyàwó àbúrò yín,
Fisáyọ̀mi.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: mo sọ fún Ọ̀rẹ́olúwa pé Akínkúnlé ń wúkọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé wọ́n ti lé òun náà jáde?"