Orin Tí Màmá Keiko Yàn fún Mi

Sátidé, oṣù kọkànlá, 1996

Ẹsẹ̀ mi wú. Bí a ṣe jáde níbi iṣẹ́, ilé Keiko tá a jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì, ní Fort Washington, ni àwa obìnrin mẹ́rin forí lé, ká lọ díje nídìí ẹ̀rọ karaókè rẹ̀, èyí tó ń lu orin kéèyàn máa fi ẹnu kọ ọ́. Téèyàn bá kọrin tán, ẹ̀rọ náà á fún un ní máàkì.

Orin Japan nìkan ló wà nínú rẹ̀. Màmá Keiko, tí wọ́n jọ ń gbé, ló ti bá mi yan tèmi sílẹ̀. Ó ní obìnrin tó bá fẹ́ máàkì gidi, kó mú orin tó falẹ̀, tí kò gòkè, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì orin náà nínú mọ́tò kó tó di òní.

Mo gba méjìlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi tí mò ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì!

Keiko ní, "Fọlá, kí ló dé tó o máa ń dákẹ́ lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan?"

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń dákẹ́. Mò ń dúró de àwọn tó máa gbè é ni. Ẹ̀rọ ò kúkú mọ ìyẹn, ó kàn ń gé máàkì.

Mo tún un kọ. Bí mo ṣe dákẹ́ báyìí, màmá yẹn gbè é, ó ń pàtẹ́wọ́, títí orin fi parí. Ẹ̀rọ fún wa ní mọ́kàndínlógójì. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi sáré wọ ilé ìwẹ̀, mo lọ bọ́jú.

Iṣẹ́ tún ni lọ́la. Oṣù kẹrin rèé tí mi ò ráyè lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday.

Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti gbe orin mi gbẹ̀yìn.