Pákó Ọ̀tún, Pákó Òsì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tó máa ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté wa ni, èyí tí kẹ̀kẹ́ àjẹ̀ ń tì lọ lójú omi, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kékeré rẹ̀ ni mo ń kàn, kó gùn tó apá mi.

Mo kàn án lọ́dún tó kọjá. Àbúrò bàbá mi gbé e sókè níwájú gbogbo ẹgbẹ́ akànkọ̀ wa, ó ní, "Ẹ wá wo pósí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kàn!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, Oní-pósí lorúkọ mi. Ó ní pákó ara ọkọ̀ gidi náà gun ara wọn bíi páànù òrùlé. Pákó tèmi fẹnu kora, wọn ò gun ara wọn. Ọ̀gá Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán! Lọ́dún yìí, ọkọ̀ kan ṣoṣo, èyí tó bá borí nínú ìdíje ẹgbẹ́ wa, ni wọ́n máa gbé sínú gíláàsì nílé ìkàwé. Tèmi ni. Ojú rẹ̀ á sì já a.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ilé ìkàwé. Àwòrán ọkọ̀ náà mẹ́rin péré — inú omi ni ìdí ọkọ̀ wà nínú gbogbo rẹ̀, n ò rí bí pákó rẹ̀ ṣe pàdé. Kí ni kí n fi wọ́n ṣe? Inú ń bí mi.

Àbámẹ́ta, 8
Mo rí i! Òkú ọkọ̀ náà wà nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn èbúté. Omi fà, ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo rì dé orúnkún. Mo fọwọ́ pa pákó rẹ̀: wọ́n fẹnu kora, òwú àti ọ̀dà ni wọ́n fi dí àárín. Mo pariwo. Ọdẹ ní ṣé kò sí o. Mo ní ayọ̀ ni.

Àìkú, 9
Ọdẹ ní bàbá onífìlà pupa kan ti wá fọwọ́ pa á lóṣù tó kọjá — àbúrò bàbá mi ni, ta tún ló ń dé irú fìlà yẹn? Ó mọ̀, ó sì panu mọ́!

Ọjọ́rú, 12
Mo lọ kí Dádì Kékeré, àbúrò bàbá mi yẹn. Kíkí kọ́, mo lọ ṣamí ni. Ó ti ń tú pákó ọkọ̀ kékeré tí òun náà fẹ́ fi díje, ó ń fẹnu wọn kora bíi tèmi. "Má bínú" kan ṣoṣo, kò jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n — háà! — ó ti tún gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì kàn tán kó tó fọwọ́ kan ọ̀tún. Pákó kan lọ́tùn-ún, pákó kan lósì, bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ á wọ́. Ó sì ti ń wọ́. Ó ní, "Bá mi fojú wọ̀n ọ́n láti ìdí dé orí. Ṣé ó tọ́?"

Mo di ojú kan. Mo ní, "Ó tọ́, sà." Mo kúnlẹ̀, mo dágbére, mo rẹ́rìn-ín délé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àbámẹ́ta, 22
Ìdíje. Tèmi lọ tààrà lójú omi. Tirẹ̀ ń yí po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn, ó forí sọ ògiri etí omi, ó rì. Mo pariwo, "Ẹ wá wo pósí!" Ẹ̀rín sọ. Ó dùn mọ́ mi dé egungun. Tèmi ló wọ gíláàsì.

Nígbà táwọn èèyàn túká, ó wá bá mi. Ó ní, "Láti ọdún tó kọjá, gbogbo nǹkan tó tọ́ ló ń wọ́ lójú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o bá mi wò ó."

Kò bú mi. Ó di apá mi mú, ó ní kí n mú òun délé. Gbogbo ẹni tó kí wa lọ́nà ló ń sọ fún pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun rèé, kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ tó o.