Ẹsẹ̀ Ìyàwó àti Ikọ́ Ìyálé

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá

Mo ti di ìyàwó! Láti Àbámẹ́ta, mi ò tíì lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo jí láàárọ̀, mo wo ojú Ìbí lórí ìrọ̀rí, mo bú sẹ́rìn-ín. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè é ní Ìbí. Níta, Olówó orí mi ni. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, kì í sì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ọmọdé tó ń rákòrò ní yàrá kejì pàápàá, "Ọkọ mi kékeré" ni mò ń pè é. Mo wá yọjú síta, mo rí ọkọ̀ tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀ kó tó kú, lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ní, ìwọ náà ṣáájú mi wọlé. Ìyálé ni wàá máa jẹ́.

Ìyálé burú. Òórùn epo, òórùn tìmùtìmù tó ti rà. Ọkọ̀ tábò àtijọ́, èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì — tó bá ń sáré, á súfèé fííì bí ọmọ ìta. Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ló dójú tì mí. A gbéra ní Ògòtún, ó ń wúkọ́ ní gbogbo òkè. Nígbà tó ku díẹ̀ ká délé ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, ó súfèé, ó wúkọ́, ó gbọ̀n, ó kú. Òjò dé. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wọlé ọkọ, aṣọ funfun, ẹrẹ̀ dé ojúgun, bí ẹni tó toko bọ̀. Wọ́n tì mí wọlé kí òjò má pa mí — kò sẹ́ni tó rántí omi tí wọ́n fi ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ló kàn mí? Ìbí gbé mi fo kòtò níwájú gbogbo àdúgbò!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹwàá

Rédíò ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Christiana ni, àbúrò bàbá ọkọ mi, yàrá ìta ló ń gbé. Mo sọ ọ́ ní Rédíò nítorí kò sẹ́ni tó lè pa á.

Ẹ̀wà la jọ ń ṣà. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní ọkọ̀ bùrọ̀dá òun kò ṣe báyìí rí. "Ìyàwó jókòó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó kú. A ò fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ulé. Ẹsẹ̀ yẹn ni."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí mi."

Ó rí mi lára bí ẹni tó gbé aáyán mì.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá

Fálẹ́yẹ mẹkáníìkì wá. Ó tẹ́tí sí Ìyálé díẹ̀, ó tutọ́ — ẹ̀gbẹ́ bàtà mi! — ó ní epo ni kò dé ẹ́ńjìnnì. Ó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. Ìyálé gun òkè, ó wúkọ́. Fálẹ́yẹ yí ohùn padà: tábò ló ti kú, ká yọ ọ́ dànù.

Ìbí ní tó bá ti kú, kí ló ń súfèé?

"Ọ̀gá, ẹni tó ń kú lọ náà máa ń súfèé."

Ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún gírísì ló tún fi bu ẹ̀wà wa jẹ. Èébì.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kẹwàá

Ìbí dín ẹyin fún mi. Ó jóná. Mo jẹ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá

Rédíò ti ròyìn mi fún àwọn ìyá ẹgbẹ́ àdúrà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, wọn yóò gbé ọpọ́n síwájú gbogbo ìjọ, wọn yóò fọ ẹsẹ̀ mi. Kànrìnkàn tuntun ti wà nílẹ̀! Ó ní bí ọkọ̀ bùrọ̀dá òun bá sàn kó tó dìgbà náà nìkan ni òun á gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Èyí tó dùn mí jù — Ìbí. Ó ní, "Fúnkẹ́, jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Omi lásán ni."

Omi lásán! Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lójú ìjọ, mo ti gbà pé ẹsẹ̀ mi burú nìyẹn. Adìyẹ kú, ẹsẹ̀ Fúnkẹ́. Oyún pẹ́ kó tó dé, ẹsẹ̀ Fúnkẹ́. Títí láé.

Mo kẹ̀yìn sí i lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà àkọ́kọ́.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹwàá

A ti parí ìjà. Ó bẹ̀ mí. Ó ra bọ̀ọ̀lì, ó tún bẹ̀ mí.

A jọ wa Ìyálé jáde lọ wo ìwà rẹ̀. Ilẹ̀ títẹ́jú: ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dé òkè, Ìbí tẹ iná, ó lọ́ra bí ẹrú tí wọ́n rán níṣẹ́ — tábò ṣẹ̀ṣẹ̀ súfèé báyìí ni ikọ́ dé. Ìgbà gbogbo ni. Mo béèrè ohun tó ń ṣáná nínú ẹ́ńjìnnì. Ìbí ní kọ́ìlì ni, mẹ́rin ni wọ́n, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Mo ní kí wá ló le? Tí gílóòbù pálọ̀ bá kọ̀ tí kò tàn, gílóòbù yàrá la máa ń yọ wá síbẹ̀, ká mọ̀ bóyá gílóòbù ló jóná tàbí wáyà.

Ó wò mí. Ó fẹnu kò mí lẹ́nu ní gbangba títì!

Ó ti yá ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀ lọ́wọ́ Akínkúnmi tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní kánsù. Ẹ̀rọ ní sílíńdà kẹta, ìyẹn àyè kẹta tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, ni kò jó. Ní Àbámẹ́ta, a ó yọ kọ́ìlì kẹta sí ipò èkíní, ká fi èkíní sí ipò kẹta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹwàá

A ti rí i!

A pààrọ̀ wọn. A gun òkè, ó wúkọ́. Ẹ̀rọ ní: sílíńdà kìíní! Àìsàn bá kọ́ìlì lọ! Mo pariwo títí Fálẹ́yẹ fi dé. Ìbí fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò kẹta tí kọ́ìlì yẹn ti kọ́kọ́ jáde. Òróró ló kún un. Fálẹ́yẹ ní ẹ́ńjìnnì ti ń jò nìyẹn, ká tú gbogbo rẹ̀. Ìbí fi ìka kàn án wò — kò dúdú bí òróró ẹ́ńjìnnì. Ó mọ́ bí oyin. Ó gbé e sí imú.

"Òróró ìtasórí! Ta ló ń ta òróró sí nǹkan nílé yìí bí kò ṣe Àǹtí?" Ó ti ń lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Èmi náà gbóòórùn rẹ̀. Òróró ólífì, káńfọ̀, àti lọ́fínńdà olómorí aláwọ̀ pọ́pù yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń po irú rẹ̀ láyé. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ ṣèdánwò ló ń fi pa iwájú orí mi.

Mo lè dákẹ́. Rédíò ni ì bá gba ìtìjú yẹn, ì bá sì dùn mọ́ mi.

Mo fa Ìbí láṣọ. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo bi í bóyá ó da òróró sí ọkọ̀.

"Mo dà á dáadáa, ọmọ mi! Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Dírẹ́bà ṣí iwájú rẹ̀ pé òun fẹ́ bomi sí i, mo ní kí n ta òróró sí ibi tí agbára rẹ̀ wà. Odindi ìgò. Ṣé ẹ ń gbádùn rẹ̀?"

Ìbí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín ń pa á lọ. Òróró ti jẹ rọ́bà kọ́ìlì, iná ń gba ẹ̀gbẹ́ sá. Bí tábò bá sì ti fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ wọlé, iná tó kù kò lágbára mọ́.

Rédíò ti wà lójú fèrèsé látìgbà yẹn. "Mo wí i! Ṣé ẹ rí i? Ẹsẹ̀ ìyàwó!"

Mo kúnlẹ̀ o. Mo kúnlẹ̀ dáadáa. Mo ní, "Àǹtí mi, kì í ṣe ẹsẹ̀ ìyàwó. Ọwọ́ ìyá ìyàwó ni."

Ó pa fèrèsé dé. Rédíò kú! Ó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá rẹ̀.

Ìbí ti nu ihò náà, ó ti lọ ra kọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì tuntun wá láti Adó. A gun òkè. Fííì. Kò sí ikọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹwàá

Kò sí ọpọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìsìn, a forí lé Ògòtún lọ kí ìyá mi. Rédíò ní òun ń bá wa lọ. Iwájú ló jókòó. Ní òkè Ìgbàrà-Odò, tábò súfèé, ó gbé ọwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní, "Bùrọ̀dá mi rèé." Mi ò mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Bí a ṣe fẹ́ máa padà bọ̀, ìyá mi jáde pẹ̀lú ìgò. Tuntun. Ó kún! Ó ní kí Ìbí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Kí n tó mira, Rédíò ti bọ́ sílẹ̀, ó na àyà lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ìyá ìyàwó, ẹ má dé ibí o! Ẹ ò rí ẹsẹ̀ ọmọ yín ni? Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ dà á sí."

Ìyá mi dà á sí i. Odindi ìgò. Ó ń pa ẹsẹ̀ ọ̀tún, Rédíò ń pa òsì, àwọn méjèèjì ń ṣe àmín. Òórùn káńfọ̀ yẹn, Olúwa mi! Bàtà mi ń yọ̀ títí a fi dé Ìkẹ́rẹ́.

Mo fẹ́ wọlé, Rédíò kígbe pé kí n dúró, òróró á ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ó sáré wọlé, ó gbé omi jáde nínú abọ́, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fọ ẹsẹ̀ mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Ó ní, "Ó yá, ìyàwó. Wọ ulé."

Mo wọlé.