Ìdí Tí Igi Máńgòrò Kò Fi Bọ́ Aṣọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi o. Ọyẹ́ ti dé. Èyí ni ọyẹ́ àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, ó sì mú gan-an. Eruku Toll Gate ti dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀; tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ojú mi á funfun bí ẹni tó ṣubú sínú àpò fúláwà. Àwọn igi tíìkì ẹ̀yìn ògiri ilé iṣẹ́ wa ti wọ́wé tán, ìhòòhò ni gbogbo wọn wà. Ṣùgbọ́n igi máńgòrò yín tó wà ní àgbàlá wa ní Ilo-Awela ṣì tutù yọ̀yọ̀. Òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé sí yín.

Ẹ mọ bí Kúdírà ọmọ mi ṣe fẹ́ràn yín tó. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, kò dárúkọ yín rí. Kò sunkún, kò béèrè ibi tí ẹ lọ. Tí àlejò bá ń sọ̀rọ̀ yín, á dìde, á lọ ṣeré. Àwọn èèyàn ní ọmọdé ni, kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí, torí mo mọ ọmọ mi. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń gbálẹ̀, ó dúró síwájú máńgòrò, ó ní, “Mọ́mì, ṣé igi yìí ò mọ̀ pé Bàbá Àgbà ti kú ni? Gbogbo igi ti bọ́ aṣọ, òun nìkan ló ṣì wọ tiẹ̀.”

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo lanu kí n sọ ìtàn yín fún un, ni mo bá rí i pé kò ní ṣeé sọ. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi? Ẹ ní nígbà tí ọyẹ́ kọ́kọ́ wá sílé ayé, ìhòòhò ló wá, ó ń gbọ̀n, ó ń ti ìdí igi kan dé òmíràn tọrọ aṣọ. Àràbà bọ́ tirẹ̀ fún un, tíìkì bọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n máńgòrò tilẹ̀kùn mọ́rí, ó ní òun ò sí nílé. Ahun ni, ìyẹn ni aṣọ rẹ̀ ṣe wà lọ́rùn rẹ̀. Mo bínú sí igi yẹn títí mo fi dàgbà. Mo máa ń fi bàtà lù ú, ẹ̀yin á sì máa wò mí, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. Ṣé irú ìyẹn ni kí n sọ fún ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀?

Mo pe Wásíù àbúrò mi, mo ní bóyá mo ti gbàgbé ibì kan nínú rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló purọ́ yẹn fún yín?” Ó ní ohun tí ẹ sọ fún òun ni pé máńgòrò ló kọ́kọ́ fún ọyẹ́ láṣọ, pé ẹyọ kan ṣoṣo tó ní ló bọ́ sílẹ̀, ojú wá ti ọyẹ́, ó dá a padà, ó sì búra pé òun ò ní tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láé. A fẹ́ẹ̀ jà, Bàbá! Káàdì orí fóònù mi tán sórí ọ̀rọ̀ igi. Ìyá Sùkúrá, ayálégbé wa, tó ń gbọ́ ariwo mi láti yàrá rẹ̀, jáde, ó ní àwa méjèèjì ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún òun pé oyún ló wà nínú máńgòrò, ọyẹ́ kì í sì í gbaṣọ lára aboyún. Kí n má purọ́, èyí wù mí, torí inú ọyẹ́ ló ń yọ òdòdó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èwo ni ká gbà? Ẹnu mélòó lẹ ní?

Mo fẹ́ mọ ojúlówó kí n tó dá ọmọ lóhùn. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo wọkọ̀ ní Sango, ó di Ìsẹ́yìn, lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín. Nígbà tí mo béèrè, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Ó ní kò sí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, òun lòun dá a sílẹ̀.

Ó ní inú ọyẹ́ ni wọ́n sin ìyá yín, ẹ sì kéré gan-an. Àwọn obìnrin ilé ti tú irun, wọ́n ti wọ àkísà, ẹ wá lọ dúró síwájú igi ọdán ẹnu ọ̀nà, ẹ ń bi í pé kí ló dé tó ṣì wọ aṣọ tuntun. Ẹ ò wọlé, ẹ ò jẹun. Ọmọdé ni Ìyá Àgbà náà, ohun tó wá sí i lẹ́nu nípa ọyẹ́ àti ọdán ló sọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹ tún béèrè. Ó ti gbàgbé tàná, ó sọ òmíràn. Ó ní ẹ ò já a nírọ́ rí. Ẹ kàn máa ń jókòó tì í, ẹ ó gbọ́ ọ tán, ẹ ó sì jẹ ẹ̀kọ yín.

Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí mo fi dé Abẹ́òkúta. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ìyẹn fún wa? Mo mọ̀ pé ẹ kì í mu tíì tí kò bá gbóná, mo mọ̀ pé ẹ máa ń gbé rédíò sétí sùn. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti jẹ́ ọmọ kékeré tó dúró síwájú igi rí. Nígbà tí mo ń lu máńgòrò yẹn, ta lẹ̀yin ń wò?

Mo délé nírọ̀lẹ́, Kúdírà ti jókòó sábẹ́ igi, ó ń dúró dè mí. Mo fi gbogbo ìtàn yín sílẹ̀. Mo sọ fún un pé máńgòrò mọ̀, pé ọjọ́ tí ẹ kú gan-an ló gbọ́. Ó ti ń tú aṣọ rẹ̀ láti ṣọ̀fọ̀ kó tó bojú wolẹ̀, tó rí i pé oòrùn ti ń pa ọmọ kan lábẹ́ rẹ̀. Ló bá tún aṣọ náà ró, ó ní òun á máa ṣọ̀fọ̀ nínú aṣọ òun bẹ́ẹ̀.

Kúdírà ronú sí i. Ó wá béèrè bóyá òtútù ń mú yín níbi tí ẹ wà. Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀. Ìgbà náà ló bú sẹ́kún. Ó sunkún, Bàbá, ó ń pè yín, mo gbé e mọ́ra, èmi náà ń sunkún, inú mi sì dùn.

Nígbà tó dákẹ́, ó nu imú sí aṣọ mi, ó ní ìtàn yẹn dáa, àmọ́ òun fẹ́ òmíràn lọ́la. Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ. Ǹjẹ́ ó ṣì ku èyí tí ẹ ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni?

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí àárò yín ń sọ gidigidi.